Àbàtà Tí A Kì í Gbé Ìbọn Wọ̀

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ gbé agbọ̀n oúnjẹ yín sábẹ́ òjìji, kí ẹ sì bọ́ bàtà tó bá ń pariwo. Ìwọ arábìnrin tí o wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga yẹn, mo kí ọ fún ìgboyà, ṣùgbọ́n afárá pákó tí a fẹ́ gun yìí kò mọ ẹni tó múra. Ẹ jókòó ná. Oòrùn ṣì kéré, àwọn ẹyẹ ń jẹun lọ́wọ́, wọn kò ní sá. Kí n tó mú yín wọ inú àbàtà yìí, ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí àgbà ọdẹ fi ń rìn káàkiri etí omi pẹ̀lú ọ̀pá lásán, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn wọ ibẹ̀.

Orúkọ mi ni Jeremáyà Ọdẹ́rìndé. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bí mo bá wúkọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹfọ̀n tó wà ní òdìkejì á ti máa ro ibi tí yóò sá gbà. Dékìnì Ṣónẹ́yẹ, má wo ikùn mi. Ikùn yìí dé lẹ́yìn ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Nígbà náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ni mo rí, ìbọn mi sì ń jẹ́ Ọ̀rọ̀-Bùṣe, nítorí pé bí ó bá ti sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó tún ní nǹkan láti fi kún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ni mo fi lókìkí jù. Imú ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ àwa ọdẹ. Ní àkókò tí ẹtu bá ń bímọ, ọdẹ á lúgọ sẹ́yìn igi, á fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀, á sì ké tín-ín-rín, ńyẹ̀ẹ́n, ńyẹ̀ẹ́n, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹtu tí nǹkan ń dà láàmú. Ìyá ẹtu tó bá gbọ́ kì í dúró rò ó. Eré ni yóò sá wá. Nígbà tó bá sì yọ sí gbangba, tó ń wá ọmọ kiri, Ọ̀rọ̀-Bùṣe á sọ̀rọ̀. Ní gbogbo agbègbè Etídò, kò sí ọdẹ tó mọ̀ ọ́n pè bí èmi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń sinmi, mo sì máa ń dá ìdámẹ́wàá ẹran fún ìjọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìyàwó mi, Fèbé Àwẹ̀ró, ìyá Jẹ́mìmà, ni ó ń hun ẹní tó dára jù ní Etídò. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, òun àti àwọn obìnrin ìjọ lọ sí etí àbàtà yìí láti gé koríko. Ó fẹ́ hun ẹní tuntun fún àwọn ọmọdé Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n má baà máa jókòó lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin náà padà láìsí Fèbé láàárín wọn.

Wọ́n ní, "Bàbá Jẹ́mìmà, ọ̀rọ̀ náà kò yé wa. A ń gé koríko lọ, ni a gbọ́ igbe ọmọ kékeré kan láàárín àbàtà. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìyá Jẹ́mìmà fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní kí a dúró de òun. Ó wọlé, koríko sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. A pè é títí, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà. Nígbà tí mo dìde, mo ki ìbọn. Ẹ ò rí mi? Mo fẹ́ kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ ran òun náà lọ́wọ́ díẹ̀.

Mo ya koríko níbi tí ó ti pa dé, mo wọlé. Ìrìn tí mo rìn, n kò lè sọ bó ṣe jìnnà tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dé ibi tí omi ti tẹ́jú bí àwo, mo sì rí ẹ̀dá kan tó ga bí ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró nínú omi, ó ká èkejì mọ́ abẹ́ agbádá aláwọ̀ eérú tó wọ̀. Ọrùn rẹ̀ ká bí okùn kànga. Ewé omi ni irungbọ̀n rẹ̀, ọmọ ẹja sì ń wẹ̀ wọlé wẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Adúró-fẹsẹ̀kan, òun ni aṣọ́nà àbàtà.

Ó ní, "Ìwọ tí o ń rùn bí iná yìí, ibo lò ń lọ?"

Mo yọ àyà. Mo ní, "Èmi ni Jeremáyà Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́rìndé, ọkùnrin tí ẹkùn rí tó..."

"N kò béèrè orúkọ tí ẹran fi ń sá fún ọ. Ibo lò ń lọ?"

Ohùn mi wá sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ni mo ń wá."

"Ó wà níbí. Ara rẹ̀ le. Kò sí ẹni tó dè é."

"Kí ló wá dé tí kò wá sílé?"

"Ìwọ ni kí o bi í, èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ." Ó tú ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ojú mi. "Òfin ibí kò pọ̀. A kì í gbé ìbọn wọ̀ ọ́. A kì í ṣẹ́ ewé tàbí ẹ̀ka níbí. Ẹni tó bá wọlé, kí ó rìn, kí ó wò, kí ó sì máa lọ. Ìyàwó rẹ lè bá ọ lọ, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Ṣùgbọ́n ó ti sun oorun kan lọ́dọ̀ wa. Bí àwọn lékèélékèé bá padà wá sùn ní ìrọ̀lẹ́ òní, tí ó sì wà níbí síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ta gbòǹgbò. Kò tún ní kúrò mọ́."

Mo wo Ọ̀rọ̀-Bùṣe. Mo wo ojú omi. Mo gbé ìbọn fún un. Ọwọ́ mi fúyẹ́ bí ọwọ́ ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìbọn náà kọ́ ẹ̀ka igi bí ẹni gbé fìlà kọ́, ó sì yẹra fún mi.

Níwájú, mo rí afárá. Ìtí igi dúdú ni wọ́n tò jọ láti etí omi kan dé èkejì, wọ́n sì gbẹ dáadáa. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mo gbé ẹsẹ̀ lé àkọ́kọ́, ìtí igi náà sì la ojú.

Ọ̀nì ni gbogbo wọn! Ọ̀nì mẹ́rìnlélógún, wọ́n sùn tira wọn bí ọmọ ilé ìwé lórí ẹní. Ẹlòmíràn ìbá ti ṣubú sínú omi. Èmi náà ṣubú, ẹ̀yìn ọ̀nì kejì ni mo bọ́ sí.

Èyí tí mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ ní, "Ẹ káàárọ̀, ọdẹ. Bí o bá fẹ́ kọjá, sọ ohun kan tí o mọ̀ nípa wa, tí kò ṣeé jẹ, tí kò sì ṣeé tà."

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bó awọ wọn. Mo mọ ibi tí ọ̀rá wọn wà, mo mọ ibi tí ọta máa ń wọlé sí. Àádọ́ta ọdún ni mo fi mọ ọ̀nì, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ló lè wọ inú ìkòkò. Ọ̀nì náà sì ń dúró dè mí. Ẹ̀dá tó ń ní sùúrù ni ọ̀nì, kò sóhun tó ń lé e.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí mo rò pé wọn yóò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí ìyá ọ̀nì kan létí odò. Ó gbẹ́ yanrìn, ẹyin rẹ̀ ti pa, àwọn ọmọ ń ké. Ó ya ẹnu, mo rò pé ó fẹ́ jẹ wọ́n ni. Ó kó wọn sẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rọra rìn lọ sódò, ó sì tú wọn sílẹ̀. Eyín bí ayùn, kò sì sí èyí tó ha lára."

Ọ̀nì náà di ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi nìyẹn," ó sì sùn padà. Mo kọjá.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo dé oríta, ọ̀nà mẹ́ta láàárín koríko. Mo yan ti àárín. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Àṣà wa ni pé bí a bá dé oríta nínú igbó, a ó ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré kan, a ó sì tẹ orí rẹ̀ sí ọ̀nà tí a gbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Láti kékeré ni ọwọ́ mi ti ń ṣe é, n kì í rán an níṣẹ́ mọ́. Ọwọ́ mi na ara rẹ̀, ẹ̀ka sì dún: kẹ́.

Gbogbo àbàtà dákẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́, kòkòrò dákẹ́, afẹ́fẹ́ gan-an dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìyẹ́. Ẹyẹ ńlá, ẹyẹ kékeré, wọ́n dé láti gbogbo ojú ọ̀run, wọ́n bò mí bí aṣọ. Èyí tó jẹ́ olórí wọn bà sí iwájú mi, ẹyẹ òfú, arúgbó obìnrin, àpò ńlá rọ̀ nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ bí àpò tí wọ́n fi ń gba ọrẹ ní ìjọ.

Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ?"

Mo ní, "Kò sí ẹnìkankan, mà."

"Ta ni o wá ń júwe ọ̀nà fún?"

Mo wo ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí.

Ó ní, "Ibòmíràn ni a ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wá, ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ní oríta. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin mẹ́wàá tẹ̀lé e. Lónìí, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀, kò sì sí ẹyẹ kan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ìwọ tí o ṣẹ́ ẹ, so ó pọ̀."

"Báwo ni mo ṣe lè so ohun tó ti ṣẹ́ pọ̀, mà?"

"Fi ọwọ́ dì í mú. Má mira. Nígbà tí oje rẹ̀ bá rí ọ̀nà padà, wàá máa lọ."

Báyìí ni Jeremáyà Ọdẹ́rìndé, ẹni tí ẹkùn ń yà fún, ṣe di igi. Mo dúró, mo fi ìka méjì di ẹ̀ka pọ̀. Oòrùn ń gòkè, Fèbé wà níwájú, n kò sì lè gbé ẹsẹ̀. Ní àkọ́kọ́, inú bí mi. Lẹ́yìn náà, ọrùn dùn mí. Lékèélékèé kan bà lé mi lórí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ṣe ohun tí ẹyẹ ń ṣe sí mi léjìká. Dékìnì, o ń rẹ́rìn-ín? N kò lè nù ún, mo ń dá igi dúró!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ọmọ akọrin. Ọjọ́ náà ni ojú mi kọ́kọ́ là. Gbogbo ìdúró tí mo ti dúró nínú igbó rí, mo ń dúró kí nǹkan lè kú ni. N kò dúró wò rí. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan rìn kọjá lórí ewé òṣíbàtà, omi kò mì. Mo rí ẹsẹ̀ púpọ̀ tó ń fì lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, mo rò pé iwin ni, àṣé bàbá ọmọ ni, ó há àwọn ọmọ rẹ̀ sí abíyá, ó ń gbé wọn sọdá. Bàbá o, kì í ṣe ìyá! Ẹyẹ kékeré kan wà pẹ̀lú, ẹ̀yìn rẹ̀ bí aró, àyà rẹ̀ bí epo. Ó já sínú omi, ó mú ẹja, ó gbé e fún aya rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e fún un, ó yí ẹja náà padà lẹ́nu, kí orí lè ṣáájú, kí ìpẹ́ má baà ha aya rẹ̀ lọ́fun.

Nígbà tí mo rí èyí, omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Fèbé, òun ni ó ń yọ egungun ẹja mi kí ó tó gbé àwo wá. N kò dúpẹ́ rí. Mo rò pé bí ẹja ṣe ń wá láti odò nìyẹn.

Mo ní, "Olúwa, bí o bá dá a padà fún mi, èmi ni n ó máa yọ egungun."

Nígbà náà ni Ìyá Òfú fi ẹnu gígùn rẹ̀ tọ́ mi lọ́wọ́. "Tú u sílẹ̀." Mo tú u sílẹ̀. Ẹ̀ka náà dúró gbọn-in, àpá kékeré nìkan ló kù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ti kọjá àárín orí tipẹ́tipẹ́, òjìji mi ti gùn nílẹ̀. Mo sáré.

Erékùṣù kan wà láàárín àbàtà, igi ọ̀gọ̀rọ̀ ló yí i ká. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orin tí Fèbé máa ń kọ fún Jẹ́mìmà nígbà tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo ya ewé ọ̀gọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, láìṣẹ́ ẹ, mo sì rí i. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó na ẹsẹ̀, ọmọ ẹtu méje sì sùn yí i ká. Èyí tó kéré jù gbé orí lé e lórí itan.

"Fèbé!"

Ó ní, "Bàbá Jẹ́mìmà, ẹ rọra. Ẹ ti fẹ́ jí eléyìí."

"Mo tẹ orí ọ̀nì mẹ́rìnlélógún kọjá nítorí rẹ, 'ẹ rọra' ni o máa kọ́kọ́ sọ?"

"Ẹ kú ewu o, ọkọ mi. Ẹ kú ìrìn." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Kí ló wà lára aṣọ yín yẹn?"

"Ẹyẹ ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

Mo ní, "Dìde jàre, jẹ́ ká máa lọ. Bí lékèélékèé bá dé bá ọ níbí, ẹsẹ̀ rẹ yóò ta gbòǹgbò."

Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi. Àmọ́ n kò lè lọ. Ẹ wò ó." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ dìde. Àwọn ọmọ méjèèje jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ké: ńyẹ̀ẹ́n, ńyẹ̀ẹ́n. Ohùn mi ni. Ohùn tí mo ti ń jí lò láti ọgbọ̀n ọdún, àwọn tó ni ín nìyí.

Fèbé jókòó padà, wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Nígbà tí mo gbọ́ ọ létí omi lánàá, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀yin ni. Mo ní Bàbá Jẹ́mìmà ló tún ń tan ẹran jẹ. Ó ku díẹ̀ kí n máa gé koríko mi lọ."

"Kí ló wá dé tí o fi wá?"

"Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ gan-an ńkọ́?"

Mo wo àwọn ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ láìdágbére kì í dàgbà nínú àbàtà yìí. Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ìyá eléyìí lọ ní ọdún tí wọ́n ṣe ìsàmì Jẹ́mìmà. Ti eléyìí, ọdún tí ẹ kan òrùlé wa." Ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí èyí tó kéré jù, ó dúró. "Eléyìí ló pẹ́ jù níbí. Ẹ rántí itan ẹtu tí ẹ gbé wá fún bàbá mi ní ọjọ́ tí ẹ wá tọrọ mi?"

Mo rántí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi imú pe ẹtu nìyẹn. Bàbá rẹ̀ yìn mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ní, "Mo jẹ nínú rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu."

Mo wólẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ẹran méje, mo jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Kì í ṣe pé mo pa ẹran. Ẹran ni ó fún wa láti jẹ. Mo jẹ́wọ́ pé mo fi igbe ọmọ pa ìyá. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Fèbé jẹ́ kí n sun ún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó tó báyìí. Ẹ nu ojú yín, kí ẹ fi imú yẹn ṣiṣẹ́."

"Imú wo?"

"Imú tí ẹ fi ń pè wọ́n. Àwọn ìyá wà nínú koríko yìí tí òjòlá gbé ọmọ wọn, tí omi gbé ọmọ wọn. Ẹ pe ìyá fún àwọn ọmọ yìí."

"Fèbé, wọn kò ní wá. Gbogbo ẹtu tó wà láyé ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn igbe mi."

"Ẹ pè wọ́n."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń pe ẹtu, ẹ̀yìn igi ni mo ti ń pè é. Lọ́jọ́ náà, mo jáde sí gbangba. Mo na ọwọ́ òsì sókè kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, mo fi ti ọ̀tún fún imú mi, mo sì ké. Koríko kò mì. Mo tún ké. Ìlà funfun tín-ín-rín kan yọ ní òkèèrè lójú ọ̀run: àwọn lékèélékèé ń bọ̀ wálé. Mo ké lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi ya.

Koríko mì. Ìyá ẹtu kan yọ orí, ó ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sáré sí i, ìyá náà fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó lá a lórí, wọ́n sì wọ inú koríko lọ. Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Ìyá mẹ́fà kó ọmọ mẹ́fà lọ. Ìyẹ́ lékèélékèé ti ń dún lókè wa báyìí. Èyí tó kéré jù ló kù, ó sì mú etí ìró Fèbé sẹ́nu.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀."

Fèbé ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Mo ké. Kì í ṣe ọgbọ́n ọdẹ mọ́, ẹkún ni. Ìyá ẹtu arúgbó kan sì jáde láàárín ọ̀gọ̀rọ̀, etí òsì rẹ̀ ya sí méjì. Mo mọ etí yẹn. Ọta mi ló ya á, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ọta náà sì bá. Kò sá. Ó rìn wá títí ó fi dúró níwájú mi.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

Mo ní, "Ìyá, kí ló wá dé tí ẹ fi wá?"

Ó ní, "Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ gan-an ńkọ́?"

Fèbé rọra yọ ìró rẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà, ó sì tì í síwájú. Arúgbó ẹtu tẹ orí ba. Bí lékèélékèé àkọ́kọ́ ṣe na ẹsẹ̀ láti bà, bẹ́ẹ̀ ni mo fa Fèbé ní ọwọ́ kúrò nínú erékùṣù. Ó ní gbòǹgbò kékeré kan ti yọ ní àtàǹpàkò òun. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ lè ní kí ó fi hàn yín, bí ẹ bá ní ìgboyà.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, Adúró-fẹsẹ̀kan ní, "Gba ẹrù rẹ." Mo wo Ọ̀rọ̀-Bùṣe lórí ẹ̀ka. Ẹyẹ kékeré kan ti kó koríko dí i lẹ́nu, ó jókòó lórí ẹyin mẹ́ta níbẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá ká a mọ́lé. Fèbé wo ojú mi.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó pa ẹyin rẹ̀ ná."

Ó di ọdún mẹ́tàlélógún báyìí. Mo rò pé kò tíì pa wọ́n tán.

Mo sọ ọ́ fún ìjọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún ọba Etídò, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wá rìn pẹ̀lú mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ní kí ó dúró, kí ó má mira. Nígbà tí a jáde, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ ibẹ̀ mọ́. Àwa ni a to pákó yìí láti fi rìn, ká má baà tẹ ilé onílé mọ́lẹ̀. Ní oríta, okùn ni a ta, a kì í ṣẹ́ ewé. Àwọn ọmọdé sì ń jókòó lórí ẹní Ìyá Jẹ́mìmà.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn pẹ̀lú ìkòkò omi. Yóò sọ fún yín pé ọ̀nì náà kò ju mẹ́rin lọ. Ẹ má dá a lóhùn. Ta ni ó tẹ̀ wọ́n lórí, èmi àbí òun? Fèbé, mo ti yọ egungun ẹja rẹ, ó wà nínú abọ́ tí mo dé.

Ó yá, ẹ dìde. Ẹ tò lẹ́yìn ara yín, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀...

Ẹ dúró! Ẹ gbọ́ igbe yẹn? Láàárín koríko níbẹ̀ yẹn.

Kí ni gbogbo yín ń wo imú mi sí? Ọwọ́ mi méjèèjì rèé. Ẹ dákẹ́, ẹ má mira. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀.